Fóònù Lè Sọnù, Àkọsílẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Sọnù: Bí A Ṣe Lè Lo Áàpù Àkọsílẹ̀ Kan Lórí Fóònù, Tábúlẹ́ẹ̀tì àti Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a dàgbà ní ìlú Ìlọrin ni ó mọ wàláà dáadáa. Ní ilé kéú, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń kọ sórí pátákó, ọmọ a kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi omi fọ̀ ọ́ nù kí wọ́n lè kọ òmíràn. Kò sí ẹni tí í sunkún pé wọ́n fọ wàláà, nítorí pé ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ti wọ orí ọmọ kí omi tó kàn án. Fóònù tí a ń gbé kiri lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí oníbàárà jẹ wá, ọjọ́ tí a óò gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, orúkọ àwọn tí ó ti dá owó ẹgbẹ́ àti àwọn tí kò tíì dá a: inú fóònù ni a kọ gbogbo wọn sí, a kò há wọn sórí. Ọjọ́ tí fóònù náà bá bọ́ sínú omi, tàbí tí olè bá yọ ọ́ lápò wa nínú ọkọ̀, ni ó máa ń yé wa pé a ti pàdánù ohun tí ó ju owó fóònù lọ.

Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Kwárà, ẹ̀yin oníṣòwò, àgbẹ̀, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ àti abiyamọ. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: àkọsílẹ̀ tí ó bá wà ní ojú kan ṣoṣo, a kò tíì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà wà láti mú kí ohun tí a kọ sórí fóònù wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, láìsan kọ́bọ̀ kún owó dátà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ìlànà tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀ bí a kò bá mọ̀ ọ́n lò.

Kí ni áàpù àkọsílẹ̀?

Áàpù àkọsílẹ̀ dà bí jọ́tà tí a ń fi sínú àpò. A lè tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, a lè to orúkọ ohun tí a fẹ́ rà lẹ́sẹẹsẹ kí a sì máa fàmì sí èyí tí a ti rà, a lè gba ohùn wa sílẹ̀ sínú rẹ̀, a sì lè ya àwòrán rìsíìtì kí a fi pa mọ́ síbẹ̀. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí jọ́tà ni pé àkọsílẹ̀ kan náà ni a óò máa rí, ìbáà jẹ́ fóònù ni a ṣí, ìbáà jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí a kọ sórí fóònù nínú ọjà Ìpàtà ní òwúrọ̀, a lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà nílé ní alẹ́, kí a sì máa bá a lọ láti ibi tí a ti dúró.

Àwọn irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe àjèjì sí wa ní Kwárà. Fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ní nǹkan bí ọdún 2013 ni Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́wọ́. Lábẹ́ ètò KwaraLEARN tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, tábúlẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ ń gbé wọ kíláàsì láti fi tẹ̀ lé ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Kọ̀ǹpútà sì wà ní ọ́fíìsì, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní káfè. Ohun tí ó kù ni kí a mọ bí a ṣe lè so wọ́n pọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: káàdì àjọ àti ìwé ńlá alájọ

Ẹni tí ó bá ti dá àjọ ojoojúmọ́ rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń dá àjọ, ìwé ńlá wà lọ́wọ́ alájọ. Bí a bá san owó lónìí, alájọ a fàmì sí káàdì, a sì fàmì sí ìwé tirẹ̀. Bí káàdì bá sọnù, owó kò sọnù, nítorí pé ìwé ńlá ṣì wà. Alájọ yóò mú káàdì tuntun jáde, yóò sì da gbogbo àmì tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ kọ sí i.

Bákan náà ni áàpù àkọsílẹ̀ rí. Fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà jẹ́ káàdì mẹ́ta tí ó ní orúkọ ẹnì kan náà. Ìwé ńlá ni ibi ìpamọ́ tí ilé iṣẹ́ tí ó ni áàpù náà ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a bá kọ nǹkan sórí fóònù, tí dátà sì wà, fóònù yóò fi í ránṣẹ́ sí ìwé ńlá. Bí a bá ṣí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò lọ wo ìwé ńlá, yóò sì mú ohun tuntun tí ó bá níbẹ̀ wá. Ohun tí ó ń fi hàn pé ẹnì kan náà ni ó ni káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àkáǹtì wa, ìyẹn àdírẹ́sì ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ènìyàn ń pè ní páswọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú àfiwé yìí. Èkíní ni pé bí dátà kò bá sí, ohun tí a kọ kò tíì dé inú ìwé ńlá. Orí fóònù nìkan ni ó wà. Bí fóònù bá sọnù kí ó tó tún rí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí a kọ láàárín àkókò náà yóò bá a lọ. Èkejì ni pé bí a bá ṣe àtúnṣe sí àkọsílẹ̀ kan náà lórí fóònù àti lórí tábúlẹ́ẹ̀tì nígbà tí dátà kò sí lórí méjèèjì, ọ̀rọ̀ lè takora, ọ̀kan sì lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irinṣẹ́ kejì, ẹ jẹ́ kí a rí i dájú pé èyí tí a kọ́kọ́ lò ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́.

Èwo ni kí a yàn?

Áàpù àkọsílẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni a óò mẹ́nu bà níhìn-ín.

Google Keep ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ń lo fóònù Android, èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa. Ọdún 2013 ni Google gbé e jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà lórí iPhone pẹ̀lú. Ó dára fún àkọsílẹ̀ kúkúrú, àtòpọ̀ ohun rírà àti àwòrán.

OneNote jẹ́ ti Microsoft, ó sì ti wà láti ọdún 2003. Ó dà bí ìwé ńlá tí a pín sí ìpín-ìpín, tí ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé púpọ̀. Ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ wọn gùn.

Áàpù Notes ti ilé iṣẹ́ Apple wà lórí iPhone, iPad àti kọ̀ǹpútà Mac. Ẹni tí ó bá ní iPhone ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣe ti Apple lè ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní icloud.com.

Evernote ti wà láti ọdún 2008, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni ó sì ti lò ó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà pàṣẹ pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní lè ní ju àkọsílẹ̀ 50 lọ. A mẹ́nu bà á kí ó lè yé wa pé ohun tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó ni ín lè yí àdéhùn padà nígbàkigbà. Kí a má ṣe kó gbogbo ẹyin wa sínú apẹ̀rẹ̀ aláwìn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Fóònù púpọ̀ ni ó máa ń ní áàpù àkọsílẹ̀ tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó bá ti ń lo irú áàpù bẹ́ẹ̀ tipẹ́ lè máa rò pé ọkàn òun balẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé inú fóònù yẹn nìkan ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

A óò lo Google Keep gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ yóò tètè rí. Ìlànà àwọn yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

1. Lórí fóònù, ẹ wò ó bóyá Google Keep ti wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbà á láti Play Store. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì ímeèlì tiyín ni ó ń lò, kì í ṣe ti ẹni tí ó bá yín ṣètò fóònù lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: àwọn tí ń ta fóònù a máa fi ímeèlì tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn ṣí fóònù fún oníbàárà, oníbàárà kò sì ní mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ títí láé.

2. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì yín, ẹ yí i padà nísinsìnyí tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà sílé, kì í ṣe sẹ́yìn fóònù.

3. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ gba áàpù kan náà, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì ímeèlì kan náà wọlé. Bí ó bá jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ ni, ẹ má ṣe kó ọ̀rọ̀ ara yín sórí rẹ̀. Ohun ìní ìjọba tàbí ti ọ̀gá ni, ọjọ́ kan yóò sì kúrò lọ́wọ́ yín.

4. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tí ẹ nílò láti gbà sórí rẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí ẹ fi ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ keep.google.com, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì kan náà wọlé.

5. Ẹ ṣe ìdánwò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí fóònù, kí ẹ lọ wo kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ kò bá rí i, ó ṣeé ṣe kí dátà má sí tàbí kí ó jẹ́ àdírẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ lò. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e títí ẹ óò fi rí àyẹ̀wò yìí yege.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ìyá àgbà má tijú láti pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kí ó bá òun ṣe é, kí ọmọ náà sì fi sùúrù kọ́ ọ, kí ó má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó ṣe é ní ìṣẹ́jú kan tí màmá kò ní lè dá ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlò rẹ̀ lójoojúmọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi aláṣọ òkè kan ní Ìlọrin ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá láti Ọ̀ffà, láti Òmù-Àrán àti láti Èkó. Fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ṣí àkọsílẹ̀ kan: orúkọ, irú aṣọ, àwọ̀ òwú, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, iye gbogbo owó, iye tí wọ́n san, iye tí ó kù. Bí wọ́n bá bá a dá iye 120,000 náírà, tí wọ́n san 70,000, ó kọ 50,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè, ó sì kọ ọjọ́ sí i. Ó ya àwòrán àpẹẹrẹ aṣọ náà mọ́ àkọsílẹ̀ kan náà. Orí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ni ó ti ń fi àwòrán han oníbàárà tuntun. Ní òpin oṣù, ọmọ rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, ó ń ka gbèsè láti orí àkọsílẹ̀ kan dé òmíràn, ó sì ń ro wọ́n pọ̀. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù: fóònù fún kíkọ nǹkan kíákíá níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì fún kíkà àti wíwo, kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tí ó gùn.

Kíkọ gbèsè sílẹ̀ kì í ṣe àìgbẹ́kẹ̀lé ẹnìkejì. Àwọn Mùsùlùmí nínú wa mọ̀ pé Àlùkùránì pa á láṣẹ nínú Súrà Baqarah pé kí a kọ gbèsè tí ó ní gbèdéke sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ó ní ọjọ́ nínú ni ó ń parí ìjà kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Abiyamọ náà lè jàǹfààní. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá bí i, ó sì tún ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Káàdì tí wọ́n fún ìyá ní ilé ìwòsàn lè ya, omi sì lè bà á jẹ́. Bí ìyá bá ya àwòrán káàdì náà sínú áàpù lẹ́yìn ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, tí ó sì kọ ọjọ́ tí ó kàn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bàbá ọmọ tí ó wà ní ìlú mìíràn yóò mọ ọjọ́ náà bí wọ́n bá jọ ń pín àkọsílẹ̀ yìí. Káàdì gan-an ni kí wọ́n máa gbé lọ sí ilé ìwòsàn o, àwòrán kò gba ipò rẹ̀.

Àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì ní Pàtígí tàbí tí ń gbin iṣu ní Káíámà lè kọ ọjọ́ tí ó gbìn, iye àpò ajílẹ̀ tí ó lò àti iye tí ó tà á, kí ó lè fi ọdún yìí wé èyí tí ó kọjá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ lè pín àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ pẹ̀lú alága àti akápò, nípa fífi àdírẹ́sì ímeèlì wọn kún un, kí gbogbo wọn máa rí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nínú Google Keep, ẹni tí a bá pín in fún lè kọ nǹkan sí i, ó sì lè pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ni àkọsílẹ̀ bá sì pa á rẹ́, yóò parẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Kí a má ṣe pín in fún ẹni tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kàn án.

Kíkọ èdè wa pẹ̀lú àmì

Kò sí ìdí tí a óò fi máa kọ àkọsílẹ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì bí Yorùbá bá ni ó yá wa lára. Gboard, bọ́tìnnì ìkọ̀wé Google lórí fóònù Android, ní èdè Yorùbá nínú. Ẹ lọ sí ètò rẹ̀, ẹ yan èdè, kí ẹ sì fi Yorùbá kún un. Bọ́tìnnì ìkọ̀wé Yorùbá wà nínú Windows lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àmì ń yí ìtumọ̀ padà: owó kì í ṣe òwò, ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ́. Nígbà tí a bá ń wá nǹkan nínú áàpù, ó lè má rí ọ̀rọ̀ tí a kọ pẹ̀lú àmì bí a bá wá a láìfi àmì sí i. Nítorí náà, ẹ yan ọ̀nà kan, kí ẹ sì dúró tì í. Bí ẹ bá kọ orúkọ oníbàárà pẹ̀lú àmì lónìí, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì lọ́la.

Owó dátà àti ọ̀rọ̀ iná

Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà púpọ̀. Àwòrán àti ohùn ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà, kí ó sì dúró de ibi tí Wi-Fi wà kí ó tó fi àwòrán kún un. Áàpù orí fóònù ń ṣiṣẹ́ bí dátà kò tilẹ̀ sí, yóò sì fi ohun tí a kọ ránṣẹ́ nígbà tí dátà bá dé. Ṣùgbọ́n keep.google.com lórí kọ̀ǹpútà nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ń gbé ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró déédéé, kí ó máa ṣí áàpù rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá dé ìlú, kí ohun tí ó kọ lè dé inú ìwé ńlá.

Ní ti iná mànàmáná, ibí yìí gan-an ni irinṣẹ́ mẹ́ta ti wúlò. Bí bátìrì fóònù bá kú, àkọsílẹ̀ ṣì wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

Ààbò: ìfura loògùn àgbà

Bí ilẹ̀kùn bá di mẹ́ta, olè ní ibi mẹ́ta tí ó lè gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ohun wọ̀nyí sọ́kàn:

- Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báǹkì, BVN tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà sínú áàpù àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àkáǹtì yín ṣí yóò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

- Ẹ fi nọ́ńbà tàbí ìka ọwọ́ ti fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà yín pa. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré nílé ni a máa ń gbàgbé jù.

- Ẹ jẹ́ kí àkáǹtì Google yín máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Google tún lè fún yín ní nọ́ńbà àfirọ́pò 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ sílé. Ọjọ́ tí fóònù àti síìmù bá jọ sọnù, àwọn ni yóò gbà yín là.

- Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà káfè tàbí ti ọ̀rẹ́, ẹ rí i pé ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó dìde. Títi ojú ewé náà pa nìkan kò tó.

- Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín han ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan kò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

- Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àti olórí ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ pé òfin wà lórí rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí a kọ nípa rẹ̀.

Bí fóònù bá sọnù

Ẹ má ṣe fi wákàtí kan ṣòfò lórí ẹkún. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ sì ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ:

1. Ẹ pe báǹkì yín kí wọ́n ti ọ̀nà àkáǹtì owó yín pa lórí fóònù náà, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí wọ́n dá síìmù náà dúró.

2. Bí fóònù náà bá jẹ́ Android, ẹ lọ sí android.com/find láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn. Ẹ lè ti fóònù náà pa láti ibẹ̀, ẹ sì lè pa gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Àkọsílẹ̀ tí ó ti dé inú ìwé ńlá kò ní bá a parẹ́.

3. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì Google yín padà, kí ẹ sì yọ fóònù tí ó sọnù kúrò lára àwọn irinṣẹ́ tí ó wà lórí àkáǹtì náà.

4. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn ọlọ́pàá létí. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú NIN yín lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n lè dá nọ́ńbà yín padà sórí síìmù tuntun.

5. Lórí fóònù tuntun, ẹ gba áàpù náà, ẹ fi àdírẹ́sì ímeèlì yín wọlé. Àkọsílẹ̀ yín yóò padà wá, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe ń kọ káàdì tuntun.

Bí ó bá sì jẹ́ pé àṣìṣe ni ẹ fi pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́, ẹ yára. Google Keep máa ń fi ohun tí a pa rẹ́ sí ibi ìdalẹ̀nù fún ọjọ́ 7 péré, lẹ́yìn èyí kò sí ẹni tí ó lè dá a padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò

Láti òpin ọdún 2023 ni Google ti ń tẹ̀ lé ìlànà pé òun lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún 2 rẹ́, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àkáǹtì àtijọ́ tí àkọsílẹ̀ pàtàkì wà nínú rẹ̀, kí ó wọ inú rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Èyí kan ọ̀rọ̀ àìsàn àti ikú pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ dùn ún sọ. Bí olówò bá kú láìròtẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í mọ ẹni tí ó jẹ bàbá wọn àti ẹni tí bàbá wọn jẹ. Nínú ètò àkáǹtì Google, ibì kan wà tí a ti lè yan ẹni tí a fọkàn tán, kí Google lè fi àwọn ohun tí a bá yàn hàn án bí a kò bá lo àkáǹtì náà fún iye oṣù tí a dá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe èyí, kí ó kéré tán sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí pé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

A kò sọ pé kí ẹ ju ìwé nù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ àkọsílẹ̀ gbèsè àti ti owó ẹgbẹ́ jáde, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ dà á kọ sínú ìwé ńlá tí ẹ ń tọ́jú sílé. Ìwé kò nílò dátà, kò sì nílò iná.

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹ mú àkọsílẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù jù lọ nínú fóònù yín, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ó wà ní ibòmíràn. Bí kò bá sí, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.